Túù Tuntun Tàbí Túù Àlòkù: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?



Ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo dúró lábúlé. Ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ, ó ń mì. Kí ni a máa ń ṣe? A óò tú ọ̀pá náà, a óò dì í sínú àpò, ẹnì kan á gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń fá irin. Ó lè lo ọjọ́ méjì, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ìyá wa á máa ru àgbàdo lọ sí abúlé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo pupa ní agbègbè Pọ́bẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi ń fẹ́ kó owó jọ ra ẹ̀rọ yìí fúnra wọn. Owó ńlá ni. Owó ẹgbẹ́ ni, nígbà mìíràn owó yíyá ni. Bí wọ́n bá rà á dáadáa, iṣẹ́ á dé sí abúlé. Bí wọn kò bá rà á dáadáa, irin tútù ni yóò jókòó sí ìgun ṣọ́ọ̀bù, gbèsè á sì máa pọ̀ sí i.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: tuntun tí owó rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀, tó ń ti òkè òkun wá, àti àlòkù tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èwo ló dára? Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

KÍ NI TÚÙ?

Àwọn oníṣẹ́ irin ní ìlú wa ń pe ẹ̀rọ yìí ní túù, nítorí pé tour ni àwọn Faransé ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ẹ wo ẹni tó ń bó ọsàn. Ọwọ́ kan ń yí ọsàn, ọwọ́ kejì di ọ̀bẹ mú, èèpo ń jáde gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni túù ṣe ń ṣe. Ó ń yí irin, ọ̀bẹ ń fá a, èèpo irin ń jáde.

Apá márùn-ún ni kí a mọ̀:

1. Orí: ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń mú kí irin yí.
2. Ẹnu: ó wà níwájú orí. Ó ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń di irin mú.
3. Ẹ̀yìn: irin gbọọrọ tó nà láti orí dé ìdí. Orí rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń rìn lọ, rìn bọ̀.
4. Ìjókòó ọ̀bẹ: ó ń gbé ọ̀bẹ rìn lórí ẹ̀yìn.
5. Ìdí: ó ń gbé ẹnu ọ̀pá gígùn ró kó má baà mì.

Ẹ̀yìn ni ìpìlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá tọ́, ọ̀pá á tọ́. Bí ẹ̀yìn bá jẹ, ọ̀bẹ á máa rìn bí kẹ̀kẹ́ tó ń gba ọ̀nà oníhò, ọ̀pá á sì tóbi lápá kan, á tín-ín-rín lápá kejì.

Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń lo túù. Ní nǹkan bí ọdún 1800, Henry Maudslay ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe túù onírin tó lè gé ilà yíyí ara bọ́ọ̀tì lọ́nà tí gbogbo wọn fi bára mu. Láti ìgbà náà, túù ti di ìyá fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n túù lè fá púpọ̀ nínú apá tó bá jẹ lára òun fúnra rẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI GBỌ́DỌ̀ TỌ́?

Ẹ mú ọ̀pá ẹ̀rọ àgbàdo. Òrùka tó ní ọmọ irin róbótó nínú, tí wọ́n ń pè ní rulumọ́, ló ń gbé e yí. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ fún mọ́ inú ihò rulumọ́. Ẹ jẹ́ ká pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 100. Bí ọ̀pá bá fi ìdá 5 péré nínú 100 yẹn kéré ju ihò rulumọ́ lọ, á máa yọ̀ nínú rẹ̀, á gbóná, á sì tún jẹ. Ìdá 5 nínú 100 mìlímítà kò nípọn ju fọ́nrán irun orí kan lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ojú lásán ra túù, àwọ̀ ọ̀dà ló ń rà.

TÚÙ TUNTUN

Púpọ̀ nínú túù tuntun tí owó rẹ̀ rọ̀ ń wá láti Ṣáínà. Wọn kò rí bákan náà o. Àwọn kékeré wà tí wọn kò wúwo ju nǹkan bí 40 kílò lọ. Ènìyàn méjì lè gbé e sórí tábìlì. Ó dára fún ohun wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fi fá ọ̀pá ńlá ẹ̀rọ àgbàdo lójoojúmọ́. Àwọn ńlá náà wà. Èyí tí wọ́n ń kọ CA6140 sí lára tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì, ilé iṣẹ́ gidi ló wà fún.

Ohun tó dára lára túù tuntun:

- Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jẹ.
- Mìlímítà ni ó fi ń wọn nǹkan, bí a ti ń wọ̀n ọ́n níhìn-ín.
- Àwọn kan ń lo iná wáyà méjì tó wà nínú ilé lásán.
- Bí nǹkan bá bàjẹ́, a lè rí apá rẹ̀ rà, bí ẹni tó tà á bá ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó: àwọn tó ń ṣe é ń fi ìyára dín owó kù. Nígbà mìíràn ẹ ó bá iyanrìn tí wọ́n fi da irin nínú orí rẹ̀. Ẹ ó bá ìdè tí kò fún, àti etí irin tí wọn kò fá tán, tó lè gé ni lọ́wọ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín kan nínú èyí tó kéré, ike ni, kì í ṣe irin. Bí ọ̀bẹ bá há, eyín ike á ré. Àwọn kan ní pátákó wáyà wẹ́wẹ́ tó ń darí eré rẹ̀. Bí iná wa bá ń lọ tó ń bọ̀ lójijì, pátákó yìí lè jó.

Ẹ tún ṣọ́ra: ẹ̀rọ kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta àti ọ̀dà mẹ́ta, nítorí pé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ń lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ kọ́ ni ká máa san owó fún.

Ẹ rí i, túù tuntun olówó pọ́ọ́kú dà bí aṣọ tí télọ̀ ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì rán dáadáa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tú u, kó fọ̀ ọ́, kó fún ìdè rẹ̀, kó sì rọ epo sí i, á wá di ẹ̀rọ gidi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó kàn tan iná sí i lọ́jọ́ kìíní, ó lè bà á jẹ́ kí oṣù tó parí.

TÚÙ ÀLÒKÙ

Ní ilẹ̀ Faransé àti káàkiri Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti lo túù ńláńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ bíi Cazeneuve àti Ernault-Somua wà lára àwọn tó lókìkí nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lo túù tí kọ̀ǹpútà ń darí, wọ́n ta púpọ̀ nínú ti àtijọ́. Àwọn kan nínú wọn gba orí òkun dé èbúté Kútọnu àti Lómé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Túù àgbà máa ń ní ẹrù tirẹ̀: ẹnu méjì, kẹ̀kẹ́ eléyín ìpààrọ̀, ọ̀bẹ, àti ohun tí ń gbé ọ̀pá gígùn ró. Ó wúwo, nítorí náà kì í gbọ̀n bí ó bá ń fá irin líle. Irin ni kẹ̀kẹ́ eléyín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà náà lè ní àrùn. Àrùn mẹ́rin ni kí ẹ wá lára rẹ̀:

1. Ẹ̀yìn tó jẹ. Ìtòsí ẹnu ló máa ń jẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ní apá ìdí, ó lè dà bí tuntun.

2. Ẹrù tó sọnù. Kẹ̀kẹ́ eléyín kan tó sọnù lè mú kí ẹ má lè gé ilà bọ́ọ̀tì kan rárá. Apá ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe mọ́, wíwá rẹ̀ a máa gba ọjọ́.

3. Iná. Ọ̀pọ̀ túù ńlá ń lo iná oníwáyà mẹ́ta, 380 fóòtì, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní tirífásè. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pín iná bóyá ó lè dé ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra. Iná wọn yàtọ̀ sí tiwa. Tiwọn jẹ́ 60 ẹ̀ẹ́tìsì, tiwa jẹ́ 50. Ẹ́ńjìnì tó ń yí ní ìgbà 6 lọ́dọ̀ wọn, ìgbà 5 ni yóò yí lọ́dọ̀ wa, ó sì lè máa gbóná.

4. Ìwọ̀n. Túù àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń fi íǹṣì wọn nǹkan. Íǹṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25,4. Kí irú túù bẹ́ẹ̀ tó lè gé ilà mìlímítà tó pé pérépéré, kẹ̀kẹ́ eléyín 127 ni wọ́n máa ń fi sí i, nítorí pé 127 ní ọ̀nà 2 jẹ́ 254. Bí kẹ̀kẹ́ yìí kò bá sí, ẹ bi oníṣẹ́ yín kí ẹ tó san owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ọ̀dà kì í wo ẹ̀yìn tó jẹ sàn.

Ẹ KA OHUN TÍ WỌ́N KỌ SÍ I LÁRA

Ìwúlò ìwé kíkà nìyí. Àwo irin kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀rọ. Ẹ kà á. Ẹ wo iye fóòtì, ẹ wo 50 tàbí 60, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá kọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó ń sọ bí irin tó lè wọ ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. Àwọn ará Ṣáínà ń ka gbogbo ìbú irin róbótó. Nínú CA6140, 40 dúró fún 400 mìlímítà. Àwọn Faransé máa ń ka ìdajì rẹ̀, láti àárín ẹnu túù dé ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, túù Faransé tí wọ́n pè ní 200 àti túù Ṣáínà tí wọ́n pè ní 400, ìwọ̀n kan náà ni. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé òun ń ra ńlá, kó sì gbé kékeré lọ sílé.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ túù lọ. Bí kò bá sí nínú ẹgbẹ́, ẹ san owó ọ̀nà fún un. Owó kékeré yẹn lè gba owó ńlá là. Ẹ mú òṣùwọ̀n ẹlẹ́nu méjì lọ, èyí tí a fi ń mú irin láàárín láti mọ ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Ìgbésẹ̀ 1. Ẹ fi àkísà nu gírísì àti epo kúrò. Ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn túù láti ìdí lọ sí ẹnu. Bí ìka bá kan ìpele, irin ti jẹ.

Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ ti ìjókòó ọ̀bẹ lọ sí apá ìdí, kí ẹ sì fún ìdè rẹ̀ kó lè máa rìn nírọ̀rùn láìmì. Ẹ wá tì í lọ sí ìtòsí ẹnu. Bí ó bá ń mì níbẹ̀, ẹ̀yìn ti jẹ. Bí ẹ bá fún un ní ìtòsí ẹnu, tó wá há ní apá ìdí, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 3. Ẹ tan iná. Ẹ yí i ní gbogbo eré tó ní, láti ìrọra dé ìyára. Ẹ tẹ́tí. Ariwo bí ẹni ń lọ òkúta lè jẹ́ eyín tó ré tàbí rulumọ́ tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ pa á, kí ẹ sì fọwọ́ kan orí rẹ̀. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi ọ̀pá tó nípọn bíi mìlímítà 40 sí ẹnu túù, kí mìlímítà 100 yọ síta. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi ọ̀bẹ mímú fá a fẹ́ẹ́rẹ́ láti òpin dé òpin. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ wọn ìtòsí ẹnu, ẹ wọn òpin kejì. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju ìdá 2 nínú 100 mìlímítà lọ, ó dára fún iṣẹ́ wa. Bí ó bá tó 5, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé kò tẹ́jú, nítorí pé ilẹ̀ gbágungbàgun a máa lọ́ ẹ̀yìn túù. Bí ó bá ju 10 lọ, ẹ fi owó yín sí àpò títí a ó fi mọ ohun tó fà á.

Bí ẹni tó ń ta ọjà bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ dúró di ọjọ́ tí iná á wà. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ.

Nígbà ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá tàbí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sún mọ́ ọn. Kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu túù kí ẹ tó tan iná. Kọ́kọ́rọ́ tí a gbàgbé síbẹ̀ lè fò bí òkò.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Iye owó tí wọ́n pe ẹ̀rọ kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ìṣirò lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà.

Ká ní túù àlòkù:
Owó ẹ̀rọ: 1.500.000 fíráǹkì
Kámíọ̀ àti gbígbé rẹ̀: 250.000
Àtúnṣe: 300.000
Iná tirífásè: 350.000
Àpapọ̀: 2.400.000 fíráǹkì

Ká ní túù tuntun:
Owó ẹ̀rọ: 2.000.000 fíráǹkì
Kámíọ̀ àti gbígbé rẹ̀: 150.000
Ọ̀bẹ àti ẹrù tí kò bá a wá: 200.000
Iná: 100.000
Àpapọ̀: 2.450.000 fíráǹkì

Ṣé ẹ rí i? Lẹ́nu oníṣòwò, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 500.000. Nígbà tí ẹ̀rọ bá délé, ó ku 50.000 péré.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. Bí èrè orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 5.000 fíráǹkì, iṣẹ́ mélòó ni yóò san 2.400.000? Ẹ pín in: 480. Bí ẹgbẹ́ bá ń rí iṣẹ́ 20 lóṣù, oṣù 24 ni, ìyẹn ọdún méjì gbáko. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ 5 ni wọ́n ń rí lóṣù ńkọ́? Oṣù 96 ni, ọdún mẹ́jọ! Kí ẹgbẹ́ tó dá owó, ẹ ka iye ẹ̀rọ àgbàdo, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ epo tó wà ní agbègbè yín. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ń bàjẹ́ lọ́dún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

ÈWO NI KÁ RÀ NÍGBÀ NÁÀ?

Bí ẹ bá ní oníṣẹ́ tó dáńgájíá tó lè tún ẹ̀rọ ṣe, tí iná tirífásè sì lè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ wá àlòkù tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jẹ. Bí ó bá yege nínú ìdánwò, ó lè sin àwọn ọmọ yín pẹ̀lú.

Bí iná wáyà méjì nìkan lẹ ní, tí kò sì sí ẹni tó lè wá apá ẹ̀rọ àtijọ́ kiri, ẹ ra tuntun tó ní ìwúwo tó yẹ iṣẹ́ yín, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àti apá ìpààrọ̀ nílùú. Ẹ má ṣe torí pé ó pọ́ọ́kú ra ti orí tábìlì fún iṣẹ́ ọ̀pá ńlá.

Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀ tó, ẹ má rà á rárá. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹ lè pa ẹgbẹ́ mẹ́ta pọ̀ láti abúlé mẹ́ta. Ẹ tún lè ra ọ̀pá kan sílẹ̀ dè, kí ẹ̀rọ àgbàdo má baà dúró nígbà tí èyí tó jẹ bá lọ sí ìlú. Ọ̀pá kan nílé sàn ju túù tí kò níṣẹ́ lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ kọ ìwé àdéhùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó tà á, ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, gbogbo ẹrù tó bá a wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àti iye oṣù tí yóò fi tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Kí méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, ìwé a máa dúró.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Apá wo ni ìpìlẹ̀ túù? Níbo ló máa ń jẹ jù?
2. Wọ́n ní túù Faransé kan jẹ́ 160. Mélòó ni àwọn ará Ṣáínà yóò pè é?
3. Bí èrè iṣẹ́ kan bá jẹ́ 4.000 fíráǹkì, iṣẹ́ mélòó ni yóò san 2.400.000?
4. Ní abúlé yín, ẹ̀rọ mélòó ló dúró lọ́dún tó kọjá? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sínú ìwé yín.